Bọ́tìnnì Tí Í Sọ Pé Gbogbo Nǹkan Dára

Mi ò ní ohunkóhun lòdì sí ọ̀wọ̀. Wọ́n tọ́ mi dáadáa. Mo mọ bí a ṣe ń kúnlẹ̀, mo mọ ẹni tí a ń pè ní "ẹ" àti ẹni tí a ń pè ní "ìwọ", mi ò sì fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà rí. Ohun tí inú mi ò gbà ni kí a máa bọ̀wọ̀ fún fáìlì. Fáìlì ò hu ewú. Fáìlì ò tọ́ ọmọ kankan dàgbà. Síbẹ̀, ní ọ́fíìsì kan ní Yaba, ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti gbà mí láti máa kọ kóòdù, fáìlì kan wà tí gbogbo wa ń wárí fún, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àwa méje la wà níbẹ̀, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń ta kọ́tìnnì nísàlẹ̀. A ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn onísọ́ọ̀bù: ohun tó wà lórí pẹpẹ, ohun tó ti tán, ohun tó ti bàjẹ́. Ruby ni èdè tí a fi ń kọ ọ́. Ẹni tó bá sì ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìdánwò tì í. Ìdánwò ni kóòdù kékeré tó máa ń bi kóòdù ńlá ní ìbéèrè: bí ẹnì kan bá ra páálí mẹ́ta, ṣé ohun tó kù lórí pẹpẹ fi mẹ́ta dín? Bí ìdáhùn bá tọ̀nà, àwọ̀ ewé á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Bí kò bá tọ̀nà, ojú kọ̀ǹpútà á pọ́n bí ata rodo. Inú ẹ́dítọ̀ la ti ń kọ gbogbo rẹ̀. Plugin wá ni àfikún kékeré tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ́dítọ̀ yẹn, kí èèyàn má baà máa dìde níbi tó wà: o tẹ bọ́tìnnì kan, plugin á bá ọ ṣe ìdánwò náà, á sì fi àwọ̀ rẹ̀ hàn ọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe awo.

Àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ di awo kí n tó débẹ̀.

Ẹni tó dàgbà jù nínú àwa tó ń kọ kóòdù, Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí kan ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi, mi ò tíì mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà tí Ẹ̀gbọ́n fi dúró sẹ́yìn àga mi.

"Ṣé o ní config?" Fáìlì ètò ló ń bèèrè, èyí tó máa ń sọ fún ẹ́dítọ̀ àti plugin bí wọ́n ṣe máa ṣiṣẹ́.

"Mo ní tèmi, Ẹ̀gbọ́n. Èyí tí mo ń lò ní yunifásítì."

"Ti yunifásítì!" Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ gbọ́ o. Ó ní òun gbé ti yunifásítì wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti flash rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà mi láì tọrọ àyè, ó da fáìlì tirẹ̀ lé tèmi lórí.

"Gbogbo ẹni tó ti jókòó lórí àga yìí, tèmi ni wọ́n lò. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ kẹ́yìn ti wà ní Kánádà báyìí. Má fọwọ́ kàn án o. Ó ti pé."

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé mo lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Kí o kà á fún kí ni? Ṣé o máa ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wò kí o tó wọ̀ ọ́?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ẹ̀bi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín, ẹyọ kan péré ni tèmi, mo sì fẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀: mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń wo òṣìṣẹ́ tuntun níbẹ̀, bí ẹni tó ń wo eyín àgbò Iléyá. Bí oṣù mẹ́fà bá pé tí o ò sì hu ìwà ìbàjẹ́, wọ́n á fún ọ ní lẹ́tà tó sọ pé o ti di òṣìṣẹ́ gidi. Bí o kò bá tíì gba lẹ́tà yẹn, wọ́n lè sọ fún ọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ pé kí o má wá mọ́ lọ́jọ́ Ajé, kò sì sí ibi tí o máa fẹjọ́ sùn. Lẹ́tà yìí ni mo ń lé. Mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ kan sílẹ̀ nítorí rẹ̀, mo sì ti sọ fún àwọn ará ilé wa pé ó ti dájú. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí tí èèyàn bá ti sọ fún ará ilé pé nǹkan ti dájú.

Mo wá ń tẹ bọ́tìnnì. Mo tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, mo tẹ̀ ẹ́ débi pé lẹ́tà tó wà lójú bọ́tìnnì náà pa rẹ́. Kò sì já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, àwọ̀ ewé á ti yọ: ìdánwò mọ́kànlá, kò sí èyí tó kùnà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé mo mọ iṣẹ́ yìí ju bí mo ṣe rò lọ. Ká sọ òtítọ́, mo ti ń gbéra ga díẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù mẹ́fà mi pé nígbà tí kẹ́mísì Ìdí-Àràbà pè wá. Oníbàárà wa tó tóbi jù ni. Ẹ̀ka mẹ́ta ló ní ládùúgbò yẹn, àwọn nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rajà níbẹ̀. Ìyá tó ni ín, apòògùn gidi ni, ohùn rẹ̀ kò sì nílò fóònù. Ọ̀gá fi í sí lóúdsípíkà, gbogbo wa sì gbọ́.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n pa ọmọ ọlọ́mọ ni? Òògùn ikọ́ àwọn ọmọdé! Mo ti nà án sí obìnrin kan kí n tó rí i pé ó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo bi ẹ̀rọ yín, ó ní ó dára. Mo tún un bi, ó ní ó dára!"

"Ẹ má bínú, mà," ni ọ̀gá wí. "A máa wá ẹni tó ṣe é."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà ka gbólóhùn yẹn. Kò ní a máa wá ohun tó fà á. Ẹni tó ṣe é ló ní a máa wá. Wọ́n sì wá a. Kò gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí pé àkọsílẹ̀ kóòdù máa ń fi ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn hàn, èmi ni mo sì fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ni mo ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Mo tún bí rìsíìtì ṣe ń jáde ṣe, kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù má baà máa gé sí méjì lórí bébà. Rìsíìtì! Ohun tó so rìsíìtì pọ̀ mọ́ ọjọ́ tí òògùn bàjẹ́ kò ju ohun tó so Ìdó pọ̀ mọ́ Ìdí-Àràbà lọ: Inú ìlú kan náà ni méjèèjì wà, ó parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kúẹ́rì wà lórí tábìlì mi. Àǹtí HR, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ló tẹ̀ ẹ́, òun kan náà tó ń gba àlejò tó sì ń pàṣẹ dísù fún jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé lórí ìwé, kí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó lù, ìdí tí mo fi gbé kóòdù jáde láì ṣe ìdánwò, àti ìdí tí wọn ò fi ní lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Láì ṣe ìdánwò. Èmi tí lẹ́tà ojú bọ́tìnnì mi ti pa rẹ́.

Mo lọ bá Àǹtí nídìí tábìlì rẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣe ìdánwò. Gbogbo yín ń rí mi."

"Mo mọ̀, àbúrò mi. Ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé o bẹ̀bẹ̀."

"Kí n bẹ̀bẹ̀ fún kí ni?"

"O ò rí i? O kàwé jù." Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń bọ̀. "Bẹ̀bẹ̀ ná. Tí wọ́n bá ti dárí jì ọ́ tán, a lè wá máa wádìí ohun tí o ṣe."

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé wa ní Mushin. Iná wà láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbà á bí àmì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kì í gba àmì gbọ́. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ṣí iṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n lè fi kọ èsì mi. Ìdánwò mẹ́ta ni mo kọ fún rìsíìtì lọ́jọ́ náà. Mo tẹ bọ́tìnnì. Mọ́kànlá, kò sí èyí tó kùnà.

Mo wò ó. Mọ́kànlá ló wà kí n tó kọ mẹ́ta. Mọ́kànlá àti mẹ́ta, mẹ́rìnlá ni wọ́n kọ́ mi nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Oṣù márùn-ún ó lé ni mo fi wo mọ́kànlá lójú, n kò bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan pé ṣé ìwọ kì í dàgbà ni.

Mo kọ ìdánwò mìíràn tó sọ pé ení àti ení, eéje ni. Mo tẹ bọ́tìnnì. Àwọ̀ ewé. Mọ́kànlá, kò sí èyí tó kùnà.

Mo wá ṣe ohun tí wọ́n ní kí n má ṣe. Mo ṣí fáìlì Ẹ̀gbọ́n, mo sì kà á láti òkè délẹ̀. Ó gùn. Pàǹtírí ló kún inú rẹ̀: orúkọ fóódà inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, àwọ̀ tó wù ú, ètò fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́. Nígbà tí mo dé àárín, mo rí ìlà tí a fi ń bá plugin sọ̀rọ̀. Ohun tó sọ fún un ni pé, fáìlì yòówù kí èèyàn wà nínú rẹ̀, má dá a lóhùn. Fáìlì ìdánwò kan ṣoṣo yìí ni kí o máa ṣe. Fáìlì ìdánwò náà, Ẹ̀gbọ́n ló kọ ọ́. Ohun tó ń wò ni bóyá orúkọ àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà wọlé dáadáa. Ìdánwò mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀. Lókè ìlà náà, Ẹ̀gbọ́n kọ àlàyé kékeré síbẹ̀, ó tilẹ̀ fi Yorùbá kọ ọ́: *Fún ìgbà díẹ̀ ni o. Ínfátà ò gbé gbogbo ẹ̀.*

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó pẹ́ níbẹ̀ ti sọ ìtàn ínfátà àtijọ́ yẹn fún mi. Bí o bá ní kí kọ̀ǹpútà ṣe gbogbo ìdánwò pátá, ó ń lọ sí ogún ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá sì ti mú iná lọ, ínfátà á ti pariwo kú kí ó tó dé ìdajì. Ẹ̀gbọ́n wá dín in kù kí iṣẹ́ má baà dúró. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Ta ni kò ṣe "fún ìgbà díẹ̀" rí nílùú yìí? Wáyà tó gbé iná wọ ilé wa láti orí òpó, fún ìgbà díẹ̀ ni; wọn ò tíì bí mi nígbà tí wọ́n so ó. Àmọ́ wọ́n ra ínfátà tuntun. Wọ́n gbé sólà sórí òrùlé. Ìgbà díẹ̀ parí, fáìlì ò gbọ́. Láti inú kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n ó bọ́ sínú flash, láti inú flash ó wọ inú kọ̀ǹpútà gbogbo wa, ẹnikẹ́ni ò sì kà á, torí pé kíka fáìlì àgbà, àfojúdi ni. Èèyàn mẹ́fà, tí gbogbo wọn gboyè jáde ní yunifásítì, ń tẹ bọ́tìnnì ní gbogbo ọjọ́ ayé láti béèrè bóyá nọ́ńbà fóònù wọlé.

Mo yọ ọ́ kúrò. Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó kọ ìwé ìlànà plugin yẹn ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo ètò rẹ̀ máa gbà. Mo fẹ́ kí ẹni náà wá sí Mushin. Kí ó kọ́kọ́ ra data, kí data náà kọ́kọ́ ronú bóyá òun máa wọlé. Nígbà tí mo gbé plugin náà wọlé tán, ó ní òun ò rí Ruby. Ruby tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nínú wíńdò kejì, lórí kọ̀ǹpútà kan náà! Mo wá a títí kí n tó rí i pé Ruby méjì ni mo ní: ògbólógbòó tó bá kọ̀ǹpútà wá, àti tuntun tí mo fọwọ́ ara mi gbé wọlé; ẹ́dítọ̀ sì lọ ń kan ilẹ̀kùn ògbólógbòó. Mo kọ àdírẹ́sì tuntun fún un, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé. Ó gbà. Mo tẹ bọ́tìnnì, àwọ̀ ewé yọ: ìdánwò òdo, kò sí èyí tó kùnà. Ẹ gbà mí! Inú fóódà tí kò ní nǹkan kan nínú ló lọ, kò bá ìdánwò kankan pàdé níbẹ̀, ó sì padà wá jíṣẹ́ àlàáfíà fún mi bí ikọ̀ tí kò dé ibi tí wọ́n rán an. Mo fi fóódà tí iṣẹ́ náà wà gan-an hàn án, mo ní ibí ni kí o ti máa gbéra. Lẹ́yìn náà ni mo wá fún un ní bọ́tìnnì mẹ́ta: èyí fún ìlà tí mo wà, èyí fún fáìlì tí mo wà, èyí fún gbogbo rẹ̀ pátá.

Mo padà sídìí ení àti ení tó di eéje. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó pọ́n! Mo pariwo débi pé vọ́kánáísà tó wà lábẹ́ fèrèsé wa gbójú sókè. Mi ò rí pupa tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nígbà náà ni mo ní kí ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Iná ò lọ. Ìdánwò méjìdínlógójì ló kùnà, ọ̀kan nínú wọn sì ń sọ pé òògùn tó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde bí èyí tó dára. Ẹni tó wà ní Kánádà ló kọ ìdánwò yẹn. Ìdánwò náà ti wà níbẹ̀, ó ń ké, ó ń ké, a sì ti di etí gbogbo ọ́fíìsì pa pẹ̀lú fáìlì kan. Mo wá tọpa àkọsílẹ̀ sẹ́yìn, láti mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà. Ọdún tó ṣáájú èyí tí mo wọṣẹ́ ni, nígbà tí mi ò mọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn rárá. Ẹnì kan ló tún ọ̀nà tí a ń gbà ka ọjọ́ ṣe. Mi ò ní sọ ẹni náà. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́n.

Lọ́jọ́ Ajé, mo dé ọ́fíìsì ní aago méje ààbọ̀, nítorí wọ́n tọ́ mi, bí mo ṣe wí. A kì í jẹ́ kí àgbà gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ̀gbọ́n ti wà níbẹ̀, ó ń fi àkàrà sáàárín búrẹ́dì.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan."

Mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀. Ó wo pupa náà, ó jẹ àkàrà rẹ̀, ó tún wò ó.

"Plugin rẹ ti bàjẹ́."

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Mo tún un ṣètò ni."

"Ta ló ní kí o yọ tèmi kúrò?"

Ẹ ò rí nǹkan? Ìdánwò méjìdínlógójì kùnà, ọmọ ọlọ́mọ fẹ́rẹ̀ẹ́ mu òògùn tó ti bàjẹ́, ìbéèrè tó jáde lẹ́nu rẹ̀ sì ni ta ló ní kí n yọ tòun kúrò. Mo fi ìlà tó kọ hàn án. Ó kà á. Fún ìgbà díẹ̀ ni o. Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀.

"Àh." Ó fi bébà nu ọwọ́. "Ínfátà ìgbà yẹn, o ò mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ ọwọ́ ló ṣe máa ń ké."

"Mo gbà, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò bá yín jà lórí ẹ̀."

"Ó dáa. Wò ó, àbúrò. Kọ èsì kúẹ́rì yẹn wẹ́rẹ́. Sọ pé ó ṣèèṣì. Èmi á bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, á gbàgbé. Lẹ́yìn ìyẹn, àwa méjèèjì á tún gbogbo ẹ̀ ṣe ní bòókẹ́lẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́."

"Orúkọ mi ló wà lórí kúẹ́rì, Ẹ̀gbọ́n."

"Orúkọ ọmọdé kì í pẹ́ tún ṣe. Ti àgbà ló máa ń bàjẹ́."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí ó má bínú, mo sì sọ fún un pé mi ò ní bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí mi ò ṣe. Ó yí ojú sí búrẹ́dì rẹ̀.

Ní aago mẹ́sàn-án, ọ̀gá pe gbogbo wa sí yàrá ìpàdé. Ó ka èsì mi, ojú ìwé mẹ́rin, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Bó ṣe ń kà á ni iwájú orí rẹ̀ ń hunjọ.

"Ṣé Ẹ̀gbọ́n ni ò ń pè ní òpùrọ́?"

"Rárá, sà. Bọ́tìnnì ni mo ń pè ní òpùrọ́."

Ẹnì kan wúkọ́. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. "Bọ́tìnnì yìí la ti ń lò láti ìgbà tí a ti dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì. Kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni, yàtọ̀ sí tèmi."

Wọ́n gbé ti ẹni tó jókòó tì mí wá. Mo ní kí ó ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ kẹ́mísì náà, kí ti gidi má baà fara pa. Nínú ẹ̀dà yẹn, mo yan gbogbo kóòdù tó ń ṣírò òògùn àti ọjọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, mo sì pa á rẹ́. Funfun ló kù. Mo yí kọ̀ǹpútà sí ọ̀gá.

"Ẹ tẹ bọ́tìnnì, sà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ewé. Ìdánwò mọ́kànlá, kò sí èyí tó kùnà.

Ó tún un tẹ̀. Mọ́kànlá. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni tí ó jó lọ́wọ́. Àǹtí HR, tí kò mọ nǹkan kan nípa Ruby, ló sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ṣé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì ní ó dára?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Háà. Ó mà jọ ọkọ mi o."

Yàrá bú sẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Mo ṣì kéré lọ́jọ́ orí.

Wọ́n tún ètò gbogbo wa ṣe lọ́jọ́ náà. Ta ni wọ́n ní kó kọ́ àwọn yòókù bí a ṣe ń ṣètò plugin tuntun? Ẹ̀gbọ́n ni. Mo jókòó sẹ́yìn, ó ń ṣàlàyé fún wa pé èèyàn ní láti máa ka ohun tó wà nínú fáìlì rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé mi. Wọ́n tún kóòdù òògùn ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì lọ bẹ apòògùn ní Ìdí-Àràbà. Gbogbo ìyẹn dára. Mi ò sọ pé kò dára.

Àmọ́ kúẹ́rì mi ńkọ́? Ó wà nínú fáìlì mi síbẹ̀, fáìlì onípáálí, èyí tí wọ́n máa ṣí lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́fà bá pé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Àǹtí fún mi ní lẹ́tà pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo kà á. Wọ́n ní lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ ti gbé àlàyé mi yẹ̀ wò, wọ́n ti fi ojú àánú wò mí, wọ́n sì ti dárí jì mí. Kí n má ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Kí n má ṣe irú kí ni mọ́?

"Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá," ni Àǹtí wí.

Gbogbo wọn ló ní kí n lọ dúpẹ́. Wọ́n ní èèyàn kì í bá ọba du ọ̀nà. Wọ́n ní ohun tó ṣe pàtàkì ni pé iṣẹ́ ṣì wà. Mo wá lọ. Mo kan ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀, orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba lẹ́tà yín. Mi ò lè gba ìdáríjì, torí mi ò ṣẹ̀. Bí mo bá gbà á, mo ti ṣẹ̀ nìyẹn."

"Kí lo wá fẹ́?"

"Kí ẹ kọ ọ́ pé ẹ gba kúẹ́rì yẹn padà, sà, pé ẹ̀bi náà kì í ṣe tèmi."

"O le o! Ìlú ibo ni ẹ ti wá gan-an?"

"Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi, sà."

Ó mí kanlẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ ohun tí àwọn Ìjẹ̀ṣà máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó bá jẹ wọ́n ní nǹkan: wọn á lóṣòó síbẹ̀. Èmi ò lóṣòó, àga ni mo jókòó lé, níwájú tábìlì Àǹtí HR, mo sì mú iṣẹ́ mi dání kí wọ́n má baà ní mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ń tún àwọn ìdánwò tó kùnà ṣe níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlejò wọlé, wọ́n kí mi, wọ́n rò pé èmi náà ń gba àlejò. Ẹ̀gbọ́n kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, ó dúró.

"Àbúrò, ṣé o jẹun?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n."

Ó wọ yàrá ọ̀gá, ó ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ, kò sì sọ ọ́ fún mi títí di òní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà kejì, kò tíì tó aago mẹ́rin. Ìlà méjì péré ni: a gba kúẹ́rì tí a kọ sí ọ padà, ìwádìí fi hàn pé àbùkù náà ti wà kí o tó dé. Kò sí "ẹ má bínú" níbẹ̀. Mo wá a. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n fi àánú pamọ́ síbì kan nínú rẹ̀. Kò sí.

"Inú ẹ ti wá dùn báyìí?" Àǹtí ń na ìka rẹ̀.

"Ẹ ṣé, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe fótókọ́pì rẹ̀."

"Íńkì ti tán."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọ́tìnnì kọjá, mo dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ṣe fótókọ́pì lábẹ́ agboòrùn létí títì. Mo ní kí ó ṣe mẹ́ta fún mi. Mo dúró tì í, mo ń wo bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde, mo sì kà wọ́n láti òkè délẹ̀ kí n tó gbà wọ́n.